Ohun Tó Wà Lábẹ́ Ọ̀dà Páànù

Ẹni tó bá gun Òkè Mápó, tó wo Ìbàdàn láti òkè, àwọ̀ kan ló máa kọ́kọ́ rí: pupa rúsúrúsú, bí eruku ojú ọ̀nà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. J.P. Clark kọ ewì kékeré kan nípa ìlú náà, kò sì fo ìpẹtà yẹn dá. Àwọn tí kò tíì dé Ìbàdàn rí pàápàá ti rí i nínú fọ́tò. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó kun àwọ̀ yẹn. Dídán bíi fàdákà ni gbogbo páànù wọ̀nyẹn lọ́jọ́ tí wọ́n kàn wọ́n mọ́ igi. Ṣíńkì tó wà lára wọn ló jẹ tán, tí irin fúnra rẹ̀ wá bọ́ síta sójú òjò. Nítorí náà, ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kà lè dúró lójúde rẹ̀, kó sọ ilé tó ti pẹ́ àti ilé tí kò pẹ́, kó sì sọ èyí tó máa jò lọ́dún tó ń bọ̀, láìgun àkàbà.

Lónìí, búlúù ti wọ àárín pupa rúsúrúsú yẹn. Àwọ̀ ewé ti wọ ibẹ̀, pupa bí ẹ̀jẹ̀ náà ti wọ ibẹ̀. Páànù aláwọ̀ nìyẹn: irin tí wọ́n fi ṣíńkì bò, tí wọ́n tún fi ọ̀dà bo ṣíńkì náà nílé iṣẹ́, kí wọ́n tó ká a jọ bí ẹní. Kọ́ìlì làwọn oníṣòwò ń pe èyí tí wọ́n ká jọ. Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà là ń ṣe ní tiwa, a kì í ṣe káfíńtà. Iṣẹ́ yẹn náà ló sì gbé wa dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta kọ́ìlì, níbi tí a ti bẹ̀rẹ̀ sí í bi ara wa léèrè bí òrùlé ṣe di ohun tí ojú kò lè kà mọ́.

Kí páànù tó dé, koríko àti ewé là ń fi bolé. Lápá ọ̀dàn, koríko bẹẹrẹ ni; nínú igbó, ewé gbòdògí. Abẹ́ wọn tutù, a kò lè purọ́ mọ́ wọn. Ṣùgbọ́n wọn kì í pẹ́. Òjò á rà wọ́n, ikán á jẹ igi tó gbé wọn dúró, eku á bímọ sínú wọn, kò sì ní ju ọdún mélòó kan lọ kí a tó tún un bò. Ìdí nìyí tí òrùlé fi jẹ́ iṣẹ́ ọ̀pọ̀ èèyàn. Àwọn ọ̀dọ́ ń ṣe é ní àáró, baálé ilé ń bẹ ọ̀wẹ̀ fún un, àna ọkùnrin tó bá sì mọ ohun tó tọ́ á kó ẹgbẹ́ rẹ̀ wá bo ilé bàbá ìyàwó kí wọ́n tó ránṣẹ́ pè é.

Ní Ọ̀yọ́, ọ̀rọ̀ koríko di ọ̀rọ̀ ìjọba. Lọ́dọọdún, nígbà ọdún Bẹẹrẹ, àwọn ìlú tó wà lábẹ́ Aláàfin ń ru koríko náà wá sí ààfin láti fi tún òrùlé ọba ṣe. Ẹrù koríko yẹn ni àmì pé wọ́n ṣì ń sìn ín. Ẹ rò ó wò ná: òrùlé tó ń bàjẹ́ lọ́dọọdún ló ń jẹ́ kí ọba mọ ẹni tó ṣì jẹ́ tirẹ̀. Ká ní koríko máa ń lo ogójì ọdún ni, Aláàfin ì bá wá nǹkan mìíràn béèrè.

Àléébù tó burú jù nínú koríko ni iná. Ìdì koríko kan tó ń jó tó láti sọ odidi àdúgbò di eérú, àwọn jagunjagun sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń sùn lábẹ́ bẹẹrẹ mọ ìdí tí wọ́n fi ń bẹ Sàngó.

Lọ́nà jíjìn sí wa, ní Lọ́ńdọ́nù, ẹnjiníà kan tó ń jẹ́ Henry Robinson Palmer, tó ń ṣiṣẹ́ ní èbúté ìlú náà, gba ìwé àṣẹ ní 1829 lórí irin pẹlẹbẹ tí wọ́n tẹ̀ kó rí bí ìgbì omi. Ìgbì yẹn ni gbogbo ọgbọ́n ibẹ̀. Bébà pẹlẹbẹ kò lè gbé ṣíbí, àmọ́ tí ẹ bá ṣẹ́ ẹ léraléra bí abẹ̀bẹ̀, á gbé e. Bẹ́ẹ̀ náà ni irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ṣe di òrùlé tí kò nílò igi púpọ̀. Ohun tó kù ni ìpẹtà. Ní 1837, Stanislas Sorel, ẹnjiníà ọmọ ilẹ̀ Faransé, gba ìwé àṣẹ tirẹ̀ lórí rírì irin bọ inú ṣíńkì yíyọ́. Ṣíńkì kì í kàn ṣe aṣọ lára irin o. Tí òjò àti afẹ́fẹ́ bá dé, òun ni wọ́n máa kọ́kọ́ jẹ, kódà níbi tí nǹkan ti ha irin náà lára díẹ̀, ṣíńkì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ á kú dípò rẹ̀. À bá pè é ní abọ́bakú, àmọ́ òun ló ń ṣáájú ọba kú.

Kí ọ̀rúndún kọkàndínlógún tó parí, páànù ti dé Èkó. Ó rọrùn fún ọkọ̀ ojú omi: ìgbì kan á jókòó sínú ìkejì, ọgọ́rùn-ún páànù kò sì ní gba àyè tó igi ilé kan. Àwọn Sàró àti Àgùdà tó padà wálé wà lára àwọn tó tètè gbà á. Lẹ́yìn náà ni reluwé dé Ìbàdàn ní 1901, kòkó ń lọ sí èbúté, páànù ń bọ̀ láti èbúté. Níbi tí reluwé kò dé, orí ló ń rù ú. Àgbẹ̀ tó bá rí kòkó tà dáadáa, ohun tó máa kọ́kọ́ ṣe ni kó kọ́ ilé páànù, kí oòrùn lè máa kọ mọ̀nà lórí rẹ̀, kí àwọn tó ń ti oko bọ̀ lè rí i láti ọ̀nà jíjìn. Ooru abẹ́ rẹ̀ kò ṣe é fẹnu sọ, tí òjò bá sì ń rọ̀, ẹ kò ní gbọ́ ohun tí ẹni tó jókòó tì yín ń sọ. Kò sẹ́ni tó ka ìyẹn sí.

Ààfin Ọ̀yọ́ pàápàá gba páànù. Láti ìgbà náà, bẹẹrẹ di nǹkan tí à ń fi rántí àtijọ́. Òrùlé kò nílò rẹ̀ mọ́. A kò sọ pé páànù ló gba agbára lọ́wọ́ Aláàfin. Ogun àti àwọn Òyìnbó ti ṣe ìyẹn kó tó dé. Ṣùgbọ́n ẹni tó ní páànù kò nílò ogún èèyàn lọ́dọọdún. Owó ló nílò, àti káfíńtà kan.

Títí di àkókò yẹn, páànù kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń rì bọ ṣíńkì, bí ẹni ń din àkàrà. Ẹni tó yí ìyẹn padà ni Tadeusz Sendzimir, ọmọ ilẹ̀ Poland tí ogun àgbáyé àkọ́kọ́ lé dé Shanghai, tó sì dá ilé iṣẹ́ ìṣó àti wáyà sílẹ̀ níbẹ̀. Ohun tó ń yọ ọ́ lẹ́nu ni pé ṣíńkì máa ń ṣí kúrò lára irin tí wọ́n bá ti tẹ̀ ẹ́. Ó rí i pé ìpẹtà tín-ín-rín tí ojú kò rí ló ń jókòó sáàárín àwọn méjèèjì. Ó wá gbé irin náà gba inú iná kọjá kí epo ara rẹ̀ lè jó dànù, ó fi gáàsì haidirójìn bọ́ ìpẹtà náà kúrò, lẹ́yìn náà ló tì í sínú ṣíńkì láìjẹ́ kó tún fojú kan afẹ́fẹ́. Ní àwọn ọdún 1930 ló bẹ̀rẹ̀ èyí ní Poland, ó sì gbé e lọ sí Amẹ́ríkà. Irin kò wá ní ìbẹ̀rẹ̀ tàbí òpin mọ́: kọ́ìlì kan ń tú lápá ibí, òmíràn ń ká lápá ọ̀hún. Àwa tó ń kọ kóòdù fẹ́ràn irú ọgbọ́n báyìí, kí nǹkan máa ṣàn láìdúró.

Ibi tí irin ti ń ṣàn, ọ̀dà lè ṣàn tẹ̀ lé e. Ní 1935 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kun irin tó wà ní kọ́ìlì ní Amẹ́ríkà, fún àwọn awẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń bo fèrèsé. Òrùlé kò tíì sí lọ́kàn ẹnikẹ́ni. Bó ṣe ń lọ lónìí nìyí: wọ́n á fọ irin náà, wọ́n á fi oògùn pa á lára, wọ́n á kun ọ̀dà ìpìlẹ̀, á wọ ààrò, wọ́n á kun àwọ̀ gan-an, á tún wọ ààrò, ó di kíká. Gbogbo ọ̀dà ojú òkè yẹn pọ̀ mọ́ra, ó kàn tó bí ìdá kan nínú mẹ́rin nínípọn bébà tí à ń fi tẹ ìwé. Ní 1972, ilé iṣẹ́ Bethlehem Steel gbé irú mìíràn jáde, tí wọ́n fi alumíníọ̀mù ìdá 55 nínú ọgọ́rùn-ún lú mọ́ ṣíńkì. Òun ló wà lábẹ́ ọ̀pọ̀ páànù olókùúta wẹ́wẹ́ tí àwọn ọlọ́lá ń kàn báyìí.

Orílẹ̀-èdè wa kò bá wọn dá sí èyí. Ilé iṣẹ́ irin Òṣogbo, tí a rò pé á sọ wá di nǹkan, ọ̀pá irin àti wáyà ni wọ́n kọ́ ọ láti máa ṣe. Àjàòkúta náà, ọ̀pá ni wọ́n fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀, irin pẹlẹbẹ ì bá tẹ̀ lé e. Ìpele àkọ́kọ́ kò parí dòní. Nítorí náà, kọ́ìlì ń ti òkè òkun wọlé, láti Ṣáínà pàápàá, àwọn ẹ̀rọ tó wà káàkiri Èkó àti Ògùn á sì tẹ̀ ẹ́ ní ìgbì, wọ́n á gé e ní iye mítà tí oníbàárà bá fẹ́. Iṣẹ́ ni, a kò bu ẹnu àtẹ́ lù ú. Ṣùgbọ́n irin náà ti ní ìtàn tirẹ̀ kó tó dé èbúté, ọ̀dà sì ti bo ìtàn náà.

Ẹ wo ohun tí ojú kò rí. Ṣíńkì ní ìwọ̀n: páànù kan lè ru gíráàmù 275 lórí mítà kan níbùú lóròó, ojú rẹ̀ méjèèjì pa pọ̀, òmíràn lè ru 60. Búlúù kan náà ló wà lórí àwọn méjèèjì. Páànù àtijọ́ máa ń pupa díẹ̀díẹ̀ kí ó tó lu, ó ń kìlọ̀ fún onílé. Ti aláwọ̀, etí ibi tí wọ́n ti gé e àti ẹ̀gbẹ́ ìṣó ni ìpẹtà ti ń wọlé, á máa rìn lábẹ́ ọ̀dà, ọ̀dà á lé ròrò bí ara tí iná jó, ó sì lè pẹ́ gan-an kí ẹni tó wà nílẹ̀ tó rí i.

Nínípọn ló wá burú jù. Ìwọ̀n la fi ń ra kọ́ìlì, tọ́ọ̀nù ni. Mítà la fi ń ta òrùlé. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. Irin tó kún àpótí mítà kan níbùú, lóròó àti lóòró wúwo tó kílò 7,850. Kọ́ìlì tó fẹ̀ tó mítà 1.2, tó nípọn tó mìlímítà 0.5, tọ́ọ̀nù kan rẹ̀ á fún yín ní mítà 212. Tó bá jẹ́ 0.4 ni, tọ́ọ̀nù kan náà á di mítà 265. Mítà 53 ló bọ́ sí àpò ẹni tó bá pe 0.4 ní 0.5. Àwọn káfíńtà àgbà máa ń fi èékánná ta á, wọ́n á tẹ́tí. Ẹ̀rọ kékeré tó ń wọn nínípọn wà lọ́jà náà, owó rẹ̀ kò tó ti páànù mélòó kan. Àwa kò tíì rí oníbàárà tó mú un dání.

Ilé ìtajà kan tí a kò ní dárúkọ ní ká kọ ètò kọ̀ǹpútà fún àwọn, tí á máa ka kọ́ìlì tó wọlé àti mítà tó jáde, tí á sì máa tẹ rìsíìtì. A fi ìlà kan sí i tó ń fi ìwọ̀n kọ́ìlì àti iye mítà tí wọ́n ti gé ṣírò nínípọn. Kọ́ìlì tọ́ọ̀nù 3 kan jáde ní mítà 790. Ètò náà ní 0.40. Lórí rìsíìtì gbogbo ẹni tó rà nínú rẹ̀, 0.5 ni. Gbogbo ọ̀dà tó wà lára irin náà, tojú tẹ̀yìn, kò tó 0.05, nítorí náà ọ̀dà kò lè ṣàlàyé rẹ̀.

Ọ̀gá náà kò bínú. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. “Ẹ̀yin ọmọ yìí, gbogbo ọjà ló ń pè é bẹ́ẹ̀ o. Tí n bá kọ 0.4 lónìí, ta ló máa dúró lọ́dọ̀ mi lọ́la?”

A ní, “Ọ̀gá, ẹni tó ń rà á ńkọ́, sà?”

“Ẹni tó ń rà á mọ àwọ̀ tó fẹ́.”

Ó ní ká yọ ìlà yẹn kúrò, kí akọ̀wé máa fọwọ́ ara rẹ̀ tẹ nínípọn síbẹ̀. A kò yọ ọ́, iṣẹ́ náà sì bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ètò tí onítọ̀hún kọ ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ títí di báyìí. Ojúlùmọ̀ wa kan ra òrùlé níbẹ̀, ó sì fi rìsíìtì rẹ̀ hàn wá: búlúù, mítà 118, nínípọn 0.5.