Òṣùwọ̀n Ara Onísípíríǹgì nínú Ilé ní Ìgboro Ìbàdàn

Òṣùwọ̀n ara onísípíríǹgì, èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè ní síkéèlì lásán, ni ohun èlò pẹlẹbẹ tí ènìyàn ń gùn lé láti mọ bí òun ṣe wúwo tó, tí kò lo bátìrì tàbí iná mànàmáná, tí ó sì jẹ́ pé sípíríǹgì àti àwọn ọ̀pá irin inú rẹ̀ ló ń yí àwo nọ́ńbà tó wà lábẹ́ gíláàsì. Àwọn Òyìnbó so orúkọ rẹ̀ mọ́ balùwẹ̀ nítorí pé inú balùwẹ̀ ni wọ́n ń gbé e sí. Ṣùgbọ́n nínú àwọn agbo ilé Ọjà'ba, Bẹẹrẹ, Mápó àti Bẹyẹrunkà, níbi tí balùwẹ̀ ti sábà máa ń wà lẹ́yìnkùlé, tí ìdílé púpọ̀ sì jọ ń lò ó, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì tàbí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn yàrá ni síkéèlì ń gbé. Ibẹ̀ gan-an ló sì yẹ ẹ́, nítorí omi ni ọ̀tá àkọ́kọ́ irin inú rẹ̀.

Nínú èdè Yorùbá, òṣùwọ̀n ni ohun tí a fi ń wọn nǹkan, ìwọ̀n sì ni iye tí a rí. Ọ̀rọ̀-ìṣe kan ṣoṣo, wọ̀n, ló ń ṣiṣẹ́ fún gígùn, fún kíkún àti fún wíwúwo, tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé bí ẹnìkan bá ní wọ́n ti wọn òun, ó lè jẹ́ télọ̀ ló wọ̀n ọ́n fún bùbá, ó sì lè jẹ́ nọ́ọ̀sì. Ní Ọjà'ba, kíkún ló jọba: kọ́ńgò ni wọ́n fi ń ta gàárì, èlùbọ́ àti ẹ̀wà, ojú ni wọ́n sì fi ń díyelé iṣu. Kòkó ló sọ wíwúwo di ọ̀rọ̀ tó kan ará Ìbàdàn lápò, nítorí pé àgbẹ̀ tó bá gbé àpò kòkó wá láti oko gbọ́dọ̀ dúró ti òṣùwọ̀n ẹni tó ń rà á, kí ó sì gba ohun tí òṣùwọ̀n náà bá wí, ìfura tó sì bá òṣùwọ̀n rìn láti ìgbà náà kò tíì kúrò nílẹ̀. Ní ti ara ènìyàn, aṣọ àti ojú aládùúgbò ni adájọ́. Bí bùbá bá fún ènìyàn, wọ́n á ní ara rẹ̀ ti bọ̀ sípò. Bí ọrùn aṣọ bá ṣí sílẹ̀, wọ́n á béèrè ohun tó ń ṣe é. Ìdájọ́ bẹ́ẹ̀ máa ń pẹ́ kí ó tó dé, ó sì máa ń fojú rere wo ẹni tó sanra ju bó ti yẹ lọ. Àǹfààní tí síkéèlì fi ju ojú lọ nìyẹn.

Wíwọn ara fún ìtọ́jú ìlera kì í ṣe ohun àná. Ní 1614, Santorio Santorio, oníṣègùn ará Ítálì, tẹ ìwé jáde lórí bí ó ṣe ń wọn ara rẹ̀ lórí àga tí a so kọ́ òṣùwọ̀n ńlá, tí ó sì ń fi ìwọ̀n oúnjẹ tó jẹ wé ohun tó jáde lára rẹ̀. Ní 1678, Robert Hooke ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé òfin sípíríǹgì jáde, pé bí ẹrù bá di ìlọ́po méjì, bí sípíríǹgì ṣe nà tó yóò di ìlọ́po méjì pẹ̀lú. Lórí òfin yìí ni ilé-iṣẹ́ bíi Salter, tó bẹ̀rẹ̀ ní Bilston ní 1760, gbé òwò òṣùwọ̀n kalẹ̀. Ní Ìbàdàn, ilé ìwòsàn Adéọ̀yọ́ ní Yemẹtú àti UCH, tí wọ́n ṣí ní 1957, wà lára ibi tí ọ̀pọ̀ ìyá ìgboro ti mọ síkéèlì, nígbà oyún àti nígbà ìtọ́jú ọmọ. Ilẹ̀ Yorùbá kan náà ni ayé ti kọ́ bí a ṣe ń fi ìwọ̀n ṣọ́ ọmọdé: David Morley, dókítà tó ṣiṣẹ́ ní Wesley Guild Hospital ní Iléṣà láti 1956, lo ìlú Ìmẹ̀sí-Ilé láti gbé káàdì kan jáde tí a ń kọ ìwọ̀n ọmọ sí lóṣooṣù, kí ìyá lè rí i bóyá ìlà náà ń gòkè tàbí ó ń wá sílẹ̀. Káàdì irú èyí tàn ká ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè lẹ́yìn náà. Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ ni pé nọ́ńbà kan ṣoṣo kò tó sọ nǹkan. Bí nọ́ńbà ọ̀pọ̀ oṣù ṣe tò tẹ̀ lé ara wọn ni ọ̀rọ̀ wà, òun náà ló sì yẹ kí ẹni tó ra síkéèlì sílé fi sọ́kàn.

Bí ènìyàn bá tú ìsàlẹ̀ síkéèlì, kò ní rí ohun púpọ̀. Àwo irin òkè fi igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jókòó lórí ọ̀pá irin mẹ́rin, gígùn méjì àti kúkúrú méjì, tí ń kó gbogbo ẹrù náà lọ sí ojú kan ṣoṣo, níbi tí sípíríǹgì líle kan ti ń gbà á. Bí sípíríǹgì náà ṣe ń nà ni irin pẹlẹbẹ eléyín kan ń sún, tí ó sì ń yí kẹ̀kẹ́ kékeré tó di àwo nọ́ńbà mú. Nítorí àwọn ọ̀pá yìí ni ìwọ̀n kì í fi í yàtọ̀ púpọ̀ bí ènìyàn bá sún ẹsẹ̀ díẹ̀ sí ọ̀tún tàbí sí òsì. Létí síkéèlì ni kẹ̀kẹ́ kékeré mìíràn wà tí a ń fi ìka yí láti dá nọ́ńbà padà sí òdo. Ohun tí sípíríǹgì ń mọ̀ ní tòótọ́ ni agbára tí ilẹ̀ fi ń fa ènìyàn, agbára yìí sì dín díẹ̀ ní agbègbè Ìbàdàn ju ti Lọ́ńdọ̀nù lọ. Síkéèlì tí wọ́n tò ní Lọ́ńdọ̀nù yóò fi nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún kílò kan bu ẹni 70 kílò kù ní Mápó. Kò tó ohun tí ń mú ènìyàn yọ̀, nítorí ojú síkéèlì gan-an kì í fi bẹ́ẹ̀ fi ìyàtọ̀ tó kéré tó bẹ́ẹ̀ hàn.

Orúkọ tí a sábà máa ń rí lára irú èyí tí wọ́n ń tà ní Nàìjíríà ni Camry, Hana àti Hanson. Àwọn kan ń ra ti onísípíríǹgì nítorí àìsí iná, ṣùgbọ́n àwáwí ni ìyẹn, níwọ̀n ìgbà tí ti oníbátìrì náà kì í lo iná NẸ́PÀ. Àǹfààní tòótọ́ ni pé kò sí bátìrì pẹlẹbẹ bíi kọ́ìnì tí a óò máa wá kiri nígbà tó bá kú. Ohun tó yẹ kí olùrà kọ́kọ́ wò ni ibi tí nọ́ńbà parí sí, nítorí pé ọ̀pọ̀ ló dúró ní 120 tàbí 130 kílò, ẹni tó bá sì wúwo jù bẹ́ẹ̀ lọ lè ba sípíríǹgì jẹ́. Lẹ́yìn náà ni kí ó wò ó bóyá nọ́ńbà náà tóbi tó láti rí láti òkè láìtẹ̀ ba, pàápàá fún àgbàlagbà. Tokunbọ̀ láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lè máa ka sítóònù àti pọ́ùn: sítóònù kan jẹ́ pọ́ùn 14, ó sì jẹ́ kílò 6.35, kílò kan sì jẹ́ pọ́ùn 2.2. Òfin ìwọ̀n àti òṣùwọ̀n Nàìjíríà ti 1974 ti gbé orílẹ̀-èdè yìí sórí kílò, nítorí náà tokunbọ̀ oní-sítóònù nìkan yóò máa fún onílé ní ìṣirò ṣe láàárọ̀.

Nínú ṣọ́ọ̀bù, kí olùrà gun síkéèlì kan náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kí ó máa sọ̀ kalẹ̀ pátápátá láàárín wọn. Bí àwọn nọ́ńbà náà bá fi ju kílò kan lọ yàtọ̀ sí ara wọn, tàbí tí àwo kò padà sí òdo, kí ó gbé e kalẹ̀ fún ẹni tó ni ín. Nílé, omi ni òṣùwọ̀n tí kò lè purọ́, nítorí lítà omi kan jẹ́ kílò kan. Omi onígò 75 cl, ọ̀rá méjì tó ní méjìlá-méjìlá, jẹ́ kílò 18, pẹ̀lú díẹ̀ fún ike. Bí ó bá gbé omi yìí kalẹ̀ nìkan, kò dánwò tó, nítorí òṣùwọ̀n lè ṣe déédéé nísàlẹ̀ kí ó má ṣe déédéé lókè. Kí ó kọ́kọ́ gùn ún fúnra rẹ̀, ká ní ó rí 62, kí ó wá gbé omi náà mọ́ra kí ó tún gùn ún, ó yẹ kí àwo náà ka 80 tàbí díẹ̀ lé.

Ilẹ̀ tí síkéèlì dúró lé ṣe pàtàkì ju orúkọ ilé-iṣẹ́ lọ. Lórí kápẹ́ẹ̀tì tàbí rọ́ọ̀gì, ìsàlẹ̀ rẹ̀ ń rì, nọ́ńbà á sì yàtọ̀ sí bó ti yẹ. Nínú àwọn ilé àtijọ́ tí sìmẹ́ńtì ilẹ̀ẹ́lẹ̀ wọn ti yọ kòtò, síkéèlì á máa mì lórí ẹsẹ̀ mẹ́ta. Kí onílé wá ojú ibi tó tẹ́jú, kí ó fi ṣọ́ọ̀kì sàmì síbẹ̀, kí ó sì máa gbé e síbẹ̀ nígbà gbogbo. Àárọ̀ ni àkókò tó dára jù, lẹ́yìn ìgbọ̀nsẹ̀, kí a tó jẹun, láìwọ bàtà, pẹ̀lú aṣọ fẹ́lẹ́. Ẹsẹ̀ méjèèjì ní ọgbọọgba, kí ènìyàn dúró jẹ́ẹ́ títí àwo yóò fi yé mì, kí ó sì wò ó ní tààrà láti òkè, nítorí bí orí bá yẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, nọ́ńbà tí ojú rí yóò yàtọ̀. Ẹni tó gun síkéèlì lẹ́yìn àmàlà, gbẹ̀gìrì àti lítà omi kan kò tíì sanra. Oúnjẹ àti omi ló gbé gùn ún. Ìwọ̀n ara ń lọ sókè sódò ní kílò kan sí méjì láàárín ọjọ́ díẹ̀, ìdí sì nìyẹn tí ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ fi tó fún ẹni tí ara rẹ̀ dá.

Láti mọ̀ bóyá ìwọ̀n bá gíga mu, a ń fi gíga ní mítà, tí a ti sọ di ìlọ́po ara rẹ̀, pín kílò. Ìṣirò tí Adolphe Quetelet, ará Bẹ́ljíọ̀mù, ṣe ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni, òun ni wọ́n ń pè ní BMI lónìí. Ẹni 70 kílò tó ga ní mítà 1.65 ní 25.7. Àjọ Ìlera Àgbáyé ka 18.5 sí ohun tó dín díẹ̀ ní 25 sí déédéé, ó ka 25 sókè sí sísanra jù, ó sì ka 30 sókè sí ìsanrajù tó ti di àìsàn. Ìṣirò yìí kò mọ ọ̀rá yàtọ̀ sí iṣan, nítorí náà alábàárù Ọjà'ba tí iṣan rẹ̀ yi lè bọ́ sínú ìlà kan náà pẹ̀lú ẹni tó ń jókòó látàárọ̀ dalẹ́.

Àwọn ìgbà kan wà tí síkéèlì ilé lè sọ ohun tó yẹ kí dókítà gbọ́. Ẹni tó bá dín ju ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n rẹ̀ lọ láàárín oṣù mẹ́fà sí ọdún kan láìmọ ìdí gbọ́dọ̀ lọ fún àyẹ̀wò. Aláboyún tí ìwọ̀n rẹ̀ fò sókè lójijì, tí ojú àti ọwọ́ rẹ̀ sì wú, kò gbọ́dọ̀ dúró de ọjọ́ ìpàdé, nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru inú oyún lè wà níbẹ̀. Aláìsàn tí ọkàn rẹ̀ kò lágbára, tí wọ́n ní kí ó máa wọn ara láràárọ̀ nítorí pé kílò méjì ní ọjọ́ mẹ́ta lè jẹ́ omi tó ń gbá jọ sára, á jàǹfààní nínú ti oníbátìrì ju ti onísípíríǹgì lọ, torí pé ìlà kílò kan-kan kò ṣe é gbẹ́kẹ̀ lé fún irú ìṣọ́ra bẹ́ẹ̀. Ọmọ jòjòló náà kì í ṣe ti síkéèlì yìí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìyá lè gùn ún pẹ̀lú ọmọ, kí ó gbé ọmọ fún ẹlòmíràn, kí ó tún gùn ún, kí ó sì yọ ìwọ̀n kejì kúrò nínú ti àkọ́kọ́. Ọmọ tuntun tí ìwọ̀n rẹ̀ kò tó kílò 2.5 ni a ń pè ní ọmọ tí ìwọ̀n rẹ̀ kéré, òṣùwọ̀n ọmọdé ilé ìwòsàn nìkan ló sì lè sọ irú ìyàtọ̀ bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú ìdánilójú.

Ọgbọ́n yíyọ yìí kan náà ni ìgboro ń lò fún ẹrù arìnrìn-àjò. Ní Ọjà'ba àti Bẹẹrẹ, níbi tí Mùsùlùmí pọ̀ sí, tí ará ilé sì ń lọ sí Mẹ́kà tàbí sọ́dọ̀ ọmọ ní òkè òkun, síkéèlì ń jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì nítorí báàgì tó kún fún èlùbọ́ àti gàárì. Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú fi 23 kílò sí báàgì kan; báàgì tí a gbé lé síkéèlì sì máa ń bo ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹni 71 kílò tó gbé báàgì mọ́ra tó rí 95 mọ̀ pé 24 ni báàgì, àti pé kọ́ńgò gàárì kan gbọ́dọ̀ kúrò níbẹ̀ kí ọkọ̀ tó gbéra lọ sí Èkó.