Ẹkún Ọmọ Ọwọ́ Tí Sàídínà Úmárù Gbọ́

Àwọn àgbà ní abiyamọ kì í gbọ́ ẹkún ọmọ rẹ̀ kó má ta etí wéré. Lónìí, a fẹ́ sọ ìtàn olórí ìlú tó gbọ́ ẹkún ọmọ ọlọ́mọ.

Sàídínà Úmárù ló ṣe olórí àwọn Mùsùlùmí láti ọdún 634 sí 644. Láyé rẹ̀, ọmọ tí wọ́n bá ti já lẹ́nu ọmú nìkan ni wọ́n ń fún ní owó ìtọ́jú láti inú àpò ìjọba. Lálẹ́ ọjọ́ kan, àwọn oníṣòwò sọ̀ sí Mẹ̀dínà. Úmárù àti Abdur-Rahman ọmọ Awf lọ ń ṣọ́ wọn. Ni Úmárù bá gbọ́ tí ọmọ ọwọ́ ń ké. Ó sọ fún ìyá ọmọ pé kó bẹ̀rù Ọlọ́hun, kó tọ́jú ọmọ rẹ̀. Ọmọ tún ké, ó tún lọ. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹta, obìnrin náà, tí kò mọ ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀, ní òun ń já a lẹ́nu ọmú ni, torí Úmárù kì í fún ọmọ tó ṣì ń mu ọmú ní nǹkan kan.

Nígbà tí Úmárù kírun àsùbáà, ẹkún kò jẹ́ kí àwọn èèyàn gbọ́ ohun tó ń kà. Lẹ́yìn ìrun, ó ní kí wọ́n kéde pé kí ẹnikẹ́ni má kánjú já ọmọ lẹ́nu ọmú mọ́. Láti ọjọ́ tí wọ́n bá ti bí ọmọ ni owó rẹ̀ yóò ti máa jáde.

Ẹ wò ó, obìnrin yẹn kọ́ ni òṣìkà. Ìnira ló wà lọ́rùn rẹ̀. Nínú Súrátùl Bákọ́rà, àáyà 233, Ọlọ́hun dárúkọ ọdún 2 gbáko fún ọmú. Níbẹ̀ náà ló ti ní oúnjẹ àti aṣọ ìyá wà lọ́rùn bàbá ọmọ.

Ní ọdún 1990, ìjọba Nàìjíríà ṣe òfin tó ká àwọn tó ń polówó wàrà agolo lọ́wọ́ kò. Àwọn onímọ̀ ìlera àgbáyé náà ní kí ọmọ mu ọmú láàárín wákàtí 1 tí wọ́n bí i, kó mu ún nìkan fún oṣù 6 láìfi omi kún un, lẹ́yìn náà kí ó máa jẹun, kí ó sì máa mu ún títí di ọdún 2 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Nítorí náà, ìyá àgbà, ẹ má rọ ọmọ tuntun ní omi tàbí àgbo. Omi tó tó o wà nínú ọmú. Bàbá ọmọ, bọ́ ìyá ọmọ rẹ yó. Bí ọmú bá ń dùn ún, tàbí tí kò wá, ẹ tètè kàn sí nọ́ọ̀sì. Bí ó bá ń bẹ̀rù pé ààwẹ̀ yóò pa òun tàbí ọmọ lára, Ọlọ́hun ti yọ̀ǹda fún un. Kó bi alùfáà bí yóò ṣe san án. Kí ẹnikẹ́ni má fojú ẹlẹ́ṣẹ̀ wò ó.

Kí Ọlọ́hun dá àwọn ọmọ wa sí. Àmín.