Ahéré inú Aṣálẹ̀: Oṣù Díẹ̀ tí Frank Lloyd Wright àti Àwọn Ọmọṣẹ́ Rẹ̀ Lò ní Arizona

Bí a bá gbọ́ pé ọ̀gá kan kó àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ lọ sí ibi tó jìnnà fún ìgbà díẹ̀, ohun tó máa ń wá sí wa lọ́kàn ni òtẹ́ẹ̀lì, oúnjẹ aládùn àti ìpàdé tí kì í tán. Ti ọdún 1929 tí a fẹ́ sọ yìí yàtọ̀. Àwọn tó lọ ló fọwọ́ ara wọn kọ́ ilé tí wọ́n sùn sí. Inú aṣálẹ̀ ni wọ́n kọ́ ọ sí, wọn kò sì lo oṣù mẹ́fà níbẹ̀ kí wọ́n tó kúrò. Iṣẹ́ tí wọ́n tìtorí rẹ̀ lọ kò yọrí sí rere, ṣùgbọ́n ahéré tí wọ́n kọ́ láti fi ṣe iṣẹ́ náà bí ọmọ tó wà títí dòní.

Frank Lloyd Wright, ayàwòrán ilé ọmọ Amẹ́ríkà, ti pé ẹni ọdún 61 nígbà náà. Ó ti lókìkí tipẹ́, ṣùgbọ́n iṣẹ́ kò wọlé dáadáa mọ́, gbèsè sì wọ̀ ọ́ lọ́rùn. Ìpínlẹ̀ Wisconsin ni ilé rẹ̀ wà, níbi tí yìnyín ti máa ń bo ilẹ̀ nígbà òtútù. Dókítà Alexander Chandler, oníṣègùn ẹran tó di onílẹ̀ ńlá tó sì tẹ ìlú Chandler dó ní Arizona, ló ní kó wá ya àwòrán òtẹ́ẹ̀lì ńlá kan fún òun. San Marcos in the Desert ni wọn yóò máa pè é. Wright rí i pé bí òun bá ní kí òun gba ilé fún gbogbo àwọn ènìyàn òun, owó yóò pọ̀ jù. Ó kúkú bẹ̀bẹ̀ fún ilẹ̀ tí wọn yóò pàgọ́ sí, Chandler sì fún un.

Ní oṣù kìíní ọdún 1929, Wright, ìyàwó rẹ̀ Olgivanna, àwọn ọmọ àti àwọn tó ń bá a ya àwòrán gbéra láti Wisconsin. Gbogbo wọn tó nǹkan bí ènìyàn 15. Nígbà tí wọ́n dé orí òkìtì olókùúta kan nínú aṣálẹ̀, wọ́n mú òòlù, wọ́n mú ìṣó, wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Wọ́n sọ ibẹ̀ ní Ocatillo. Ara orúkọ igi ẹlẹ́gùn-ún kan tí ń so òdòdó pupa ní ṣóńṣó ẹ̀ka rẹ̀ ni wọ́n ti yọ ọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé bí Wright ṣe kọ ọ́ kò bá bí àwọn yòókù ṣe ń kọ ọ́ mu.

Ẹ jẹ́ ká wo ilé náà dáadáa. Pákó ni ògiri rẹ̀, kánfáàsì funfun ni wọ́n fi ṣe òrùlé. Kò sí gíláàsì rárá: kánfáàsì tó ṣeé ṣí tó sì ṣeé pa dé ni fèrèsé. Àwọn yàrá kéékèèké náà tò yí òkìtì ká, ògiri pákó kúkúrú tó ń ṣẹ́ kọ́lọkọ̀lọ sì so wọ́n pọ̀. Àárín ni wọ́n ti ń dáná tí wọ́n sì ń yá a. Wright kò fẹ́ kí ògiri náà gún régé, torí pé nínú aṣálẹ̀ tó ń wò, kò sí òkè tàbí igi kan tó gún bẹ́ẹ̀. Ó kun pákó náà ní àwọ̀ tó jọ ti ilẹ̀ aṣálẹ̀ nígbà tí oòrùn bá ràn sí i, ó sì fi pupa kun igun mẹ́ta orí ilé kó lè jọ òdòdó ocotillo.

Abẹ́ kánfáàsì yìí ni wọ́n ti ń ya àwòrán òtẹ́ẹ̀lì. Oòrùn tí yóò máa pa àlejò lọ́jọ́ iwájú ń pa àwọn náà. Ìmọ́lẹ̀ tó ń gba ara aṣọ kọjá kì í ta wọ́n lójú, ara sì tù wọ́n lábẹ́ rẹ̀. Lójú tiwa, ibí yìí ni ìtàn náà ti dùn jù: wọn kò jókòó sí òkèèrè fojú inú wo aṣálẹ̀. Wọ́n ń gbé inú ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń kọ́.

Nígbà tó fi máa di nǹkan bí oṣù karùn-ún, ooru ti le jù, wọ́n kó ẹrù wọn. Lẹ́yìn tí wọ́n lọ, iná jó lára ilé náà, àwọn ará agbègbè sì kó pákó tó kù. Ní oṣù kẹwàá ọdún yẹn kan náà, ọjà ìpín ìdókòwò New York dojú dé, owó Chandler kò ká òtẹ́ẹ̀lì mọ́. Wọn kò kọ́ ọ títí dòní.

Àmọ́ Wright kò gbàgbé. Ní 1932, òun àti Olgivanna dá ilé-ẹ̀kọ́ kan tí wọ́n pè ní Taliesin Fellowship sílẹ̀ ní Wisconsin, níbi tí àwọn ọ̀dọ́ ti ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wọn. Ní ìparí 1937, ó ra ilẹ̀ ní ẹsẹ̀ òkè McDowell, nítòsí Scottsdale ní Arizona, ó sì kó àwọn ọmọṣẹ́ náà lọ. Wọ́n to òkúta ńláńlá sínú pákó, wọ́n da kọnkéré lé e, wọ́n gbé igi kọ́ ọ, wọ́n sì tún fi kánfáàsì bo orí rẹ̀. Taliesin West nìyẹn. Ẹni tó bá mọ Ocatillo yóò dá ọmọ rẹ̀ mọ̀ lójú ẹsẹ̀. Ní 2019, àjọ UNESCO kà á mọ́ ilé Wright mẹ́jọ tó jẹ́ ogún gbogbo ayé.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí àwa akẹ́kọ̀ọ́ kò lè gbójú fò. Dọ́là 650 ni akẹ́kọ̀ọ́ ń san lọ́dún nígbà tí ilé-ẹ̀kọ́ yẹn bẹ̀rẹ̀, lásìkò tí owó wọ́n gan-an. Wọ́n san owó, síbẹ̀ àwọn náà ló ru òkúta, tí wọ́n po kọnkéré, tí wọ́n dáná oúnjẹ, tí wọ́n sì sùn sínú àgọ́ nínú aṣálẹ̀. Ṣé ẹ̀kọ́ ni àbí iṣẹ́ ọ̀fẹ́? Àwa gbà pé méjèèjì ni. Lára wọn, John Lautner di ògbóǹtarìgì ayàwòrán ilé ní California, kò sì sí ẹni tó lè sọ pé ibi òkúta rírù kò kọ́ ọ ní nǹkan kan. Ṣùgbọ́n èrè ẹni tó kọ́ṣẹ́ kò pa gbèsè ẹni tó lo agbára rẹ̀ rẹ́.

Ilẹ̀ náà pẹ̀lú kò ṣófo kí wọ́n tó dé. Àwọn Hohokam ti gbẹ́ odò lílà sí agbègbè yẹn láti fi bomi rin oko wọn ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún sẹ́yìn, àwòrán tí àwọn ará àtijọ́ fín sára òkúta sì wà nínú ọgbà Taliesin West di òní. Wright mú ọ̀kan nínú àwọn àwòrán yẹn, ó fi ṣe àmì ilé rẹ̀.

Nítorí náà, bí ẹ bá rí fọ́tò ilé yìí níbì kan tí wọ́n kọ orúkọ ẹnì kan ṣoṣo sí abẹ́ rẹ̀, ẹ rántí àwọn tó kan ìṣó ní 1929, àwọn ọ̀dọ́ tó ru òkúta lẹ́yìn wọn, àti àwọn tó ti fín àwòrán sára òkúta náà kí ẹnikẹ́ni nínú wọn tó débẹ̀. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.