Èènì àti "Ọ̀kan Lọ́fẹ̀ẹ́"

Ẹni tó bá ti Fájuyì lọ ra gààrí l'Ọ́jà Ọba, l'Ádó-Èkìtì níbí, mọ èènì dáadáa. Ìyá onígààrí á wọn kóńgò kan tán, á tún bu díẹ̀ lé e. Kò ní kí o kọ́kọ́ ra kóńgò méjì o!

Ti àwọn ilé ìtajà ńlá yàtọ̀. Kingsway ti wà l'Ékòó rí láyé ìjọba Òyìnbó, Shoprite dé lọ́dún 2005, nítorí náà ọ̀rọ̀ yìí kàn wá. "Ra ọ̀kan, gba ọ̀kan lọ́fẹ̀ẹ́": ẹni tó gbà á, tí kò fẹ́ kó ṣòfò, á fi tipátipá jẹ ẹ́, ẹni tó yó, á dà á nù. Tesco fúnra wọn kéde nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 2013 pé nínú ewé sàláàdì tí wọ́n ń pèsè fún títà nínú ọ̀rá, 68 nínú 100 ló ń ṣòfò, bí ìdajì rẹ̀ nínú ilé oníbàárà. Wọ́n ní àwọn ò ní fi ọ̀rá ńlá rẹ̀ ṣe irú ẹ̀dínwó bẹ́ẹ̀ mọ́. Ní 2016, Sainsbury's náà fi ọ̀pọ̀ irú rẹ̀ sílẹ̀.

Lójú tèmi, èènì kò ṣe irú èyí rí. Bí iṣu bá sì pọ̀ jù lọ́wọ́ àwọn ìyá wa, wọ́n á bẹ ẹ́, wọ́n á bọ̀ ọ́, wọ́n á sá a, ó di èlùbọ́. Mi ò tíì rí ẹni tó sá ewé sàláàdì.