Àdùnní Olórìṣà: Ilé Ẹ̀kọ́ Ṣáájú Ilé Ọkọ

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ilé ọkọ, ilé ẹ̀kọ́. Ohun tí òwe yìí ń sọ ni pé bí obìnrin bá wọ ilé ọkọ, yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa kọ́ ìwà, èèwọ̀ àti oríkì ìdílé tuntun ni. Ṣùgbọ́n, ẹ̀yin òǹwòran, obìnrin kan gbé ilẹ̀ yìí tí òwe náà yí padà fún. Ó ti lo nǹkan bí ọdún mẹ́sàn-án ní ilé ẹ̀kọ́ kí ó tó wọ ilé ọkọ tí ó jẹ́ Yorùbá. Susanne Wenger ni orúkọ tí àwọn òbí rẹ̀ sọ ọ́. Àdùnní Olórìṣà ni Òṣogbo mọ̀ ọ́n sí. Bí a bá dárúkọ rẹ̀, ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kọ́kọ́ ń rántí ni pé òun ni Òyìnbó tí ó fẹ́ onílù, bí ẹni pé ìgbéyàwó yẹn ni gbogbo ìtàn rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Èso ni ìgbéyàwó náà. Gbòǹgbò igi tí ó so ó ni ó yẹ kí a wá.

Ọjọ́ 4 oṣù Keje ọdún 1915 ni a bí i ní ìlú Graz ní orílẹ̀-èdè Ọ́sítríà. Ó kọ́ iṣẹ́ ọnà níbẹ̀, ó sì tẹ̀ síwájú ní Vienna, olú-ìlú wọn. Ní ọdún 1938, ìjọba Hitler gba ilẹ̀ náà, ayé sì há mọ́ àwọn ayàwòrán tí iṣẹ́ wọn kò bá ti àwọn aláṣẹ mu. Nígbà tí ogun parí, Susanne wà lára àwọn tí ó dá ẹgbẹ́ Art Club sílẹ̀ ní Vienna ní ọdún 1947. Ní ọdún 1949, ó pàdé Ulli Beier ní Paris. Ọmọ Jámánì ni Beier, a bí i ní ọdún 1922. Júù ni bàbá rẹ̀, ìdílé wọn sì ti sá fún Hitler lọ sí Palẹsítínì. Àwọn méjèèjì ṣe ìgbéyàwó, wọ́n sì dé Nàìjíríà ní ọdún 1950, nígbà tí Beier rí iṣẹ́ olùkọ́ ní University College, Ìbàdàn, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1948.

Láyé ìjọba amúnisìn, àdúgbò Òyìnbó yàtọ̀ sí àdúgbò ọmọ ìbílẹ̀. Ọgbà Yunifásítì pàápàá ní ilé tirẹ̀ fún àwọn olùkọ́, bí ẹni ń gbé ìlú lórí ìlú. Tọkọtaya yìí kò fẹ́ irú ayé bẹ́ẹ̀. Beier bọ́ sí ẹ̀ka tí ń kọ́ àwọn àgbàlagbà lẹ́kọ̀ọ́ lẹ́yìn ọgbà, wọ́n sì kó lọ sí Ẹdẹ, lẹ́yìn náà sí Ìlobùú, kí wọ́n tó fìdí kalẹ̀ sí Òṣogbo.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún wọ̀nyí ni àìsàn ikọ́ ife dá Susanne wó, ó sì kù díẹ̀ kí ó gba ẹ̀mí rẹ̀. Ní Ẹdẹ ni ó ti pàdé Ajagẹmọ, olórí àwọn abọrìṣà Ọbàtálá. Obìnrin náà kò tíì gbọ́ Yorùbá, bàbá náà kò sì gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Síbẹ̀, ọ̀dọ̀ bàbá yìí ni ó ti kẹ́kọ̀ọ́ títí a fi gbà á wọ inú ẹgbẹ́ olórìṣà. Ó yẹ kí àwọn tí ń kọ́ èdè ronú sí èyí. Ẹni tí kò gbọ́ èdè, ojú àti ọwọ́ ni yóò fi kẹ́kọ̀ọ́: yóò wo bí a ti ń kúnlẹ̀, yóò mọ ìgbà tí a ń sọ̀rọ̀ àti ìgbà tí a ń dákẹ́. Ó kọ́ àdìrẹ ẹlẹ́kọ pẹ̀lú, ó sì ń ya ìtàn àwọn òrìṣà sí ara aṣọ. Kì í ṣe ìwádìí ni ó ń ṣe nípa Yorùbá. Akẹ́kọ̀ọ́ wọn ni ó jẹ́.

Ní àkókò kan náà, ẹgbẹ́ àwọn òǹkọ̀wé ń dìde. Ní ọdún 1957, Beier àti Janheinz Jahn dá ìwé ìròyìn Black Orpheus sílẹ̀ ní Ìbàdàn. Ní ọdún 1961, ẹgbẹ́ Mbari bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Wole Soyinka, J. P. Clark, Christopher Okigbo, Chinua Achebe àti Ezekiel Mphahlele láti South Africa wà nínú rẹ̀. Ní ọdún 1962, Dúró Ládiípọ̀ ṣí Mbari Mbayo ní Òṣogbo. Orí ìtàgé rẹ̀ ni a ti kọ́kọ́ rí Ọba Kò So ní ọdún 1963. Akéwì, òṣèré, ayàwòrán àti onílù ń jẹ, wọ́n ń mu, wọ́n ń jiyàn pọ̀, láìka àwọ̀ ara tàbí ìwé ẹ̀rí sí. Susanne ni ó ya ọ̀pọ̀lọpọ̀ àwòrán èèpo Black Orpheus. Ẹni tí ó bá mú ìwé náà lọ́wọ́, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ rí. Ṣùgbọ́n bí a bá ń ka ìtàn ẹgbẹ́ náà, orúkọ àwọn ọkùnrin ni a ń kà ní àkàtúnkà.

Òun àti Beier pínyà. Ní ọdún 1959, tí ó ku ọdún kan kí Nàìjíríà gba òmìnira, Susanne fẹ́ Àyánṣọlá, onílù ní Òṣogbo. Orúkọ ọkùnrin náà sọ ìdí abájọ rẹ̀: ọmọ Àyàn ni, ìdílé tí ìlù jẹ́ iṣẹ́ àti ogún wọn.

Kí a tó lè mọ bí ìgbésẹ̀ yìí ti wúwo tó, ẹ jẹ́ kí a wo ayé ìgbà náà. Ní ọdún 1948, Seretse Khama, ọmọ ọba láti Bechuanaland, fẹ́ Ruth Williams ní Lọ́ńdọ̀nù. Ìjọba Bírítéènì lé e kúrò ní ìlú rẹ̀ nítorí ọ̀rọ̀ náà. Ní ọdún 1949, South Africa fi òfin de ìgbéyàwó láàárín funfun àti dúdú. Ní ọdún 1953, Joe Appiah láti Gold Coast fẹ́ Peggy Cripps, àwọn oníwèé ìròyìn sì pariwo rẹ̀ káàkiri ayé. Ẹ ṣàkíyèsí pé ọmọ ọba tàbí amòfin ni àwọn ọkọ wọ̀nyí, ìlú Òyìnbó ni wọ́n sì ti pàdé ìyàwó wọn. Ti Àdùnní yàtọ̀. Inú ìlú ọkọ ni ó ti bá ọkọ pàdé, ọkọ náà kì í sì í ṣe ọ̀mọ̀wé. Nígbà náà, ọ̀pọ̀ nínú àwọn Yorùbá tí ó kàwé pàápàá ń fojú alágbe wo onílù. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ti kẹ́kọ̀ọ́ ní ojúbọ mọ̀ pé òrìṣà kò ní jó bí ìlù kò bá pè é. Ipò tí ẹ̀kọ́ rẹ̀ fi onílù sí ni ó bá a níbẹ̀.

Irú rẹ̀ kan wà ní New York. Ní ọdún 1958, Hettie Cohen, ọmọbìnrin Júù, fẹ́ LeRoi Jones, akéwì aláwọ̀ dúdú. Ìdílé rẹ̀ kọ̀ ọ́ sílẹ̀. Àwọn méjèèjì ni ó ń ṣe ìwé ìròyìn Yugen, ọwọ́ Hettie sì ni iṣẹ́ títò ọ̀rọ̀ rẹ̀ wà. Ní ọdún 1965, nígbà tí ìjà ẹ̀tọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú gbóná janjan, ìgbéyàwó náà tú ká. Ó di ọdún 1990 kí Hettie tó sọ ìtàn náà bí òun ti rí i, nínú ìwé tirẹ̀. Ní ìhà kìíní òkun àti ìhà kejì, ọwọ́ obìnrin gbé ìwé ró, orúkọ ọkùnrin sì lékè.

Àdùnní kò kọ ìwé kí a tó mọ̀ ọ́n. Igbó ni ó kọ ọ́ sí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, àwọn olórìṣà Òṣogbo pè é láti bá wọn tún ojúbọ Ọ̀ṣun tí ó ń wó ṣe, bí àwọn agégi àti àgbẹ̀ ti ń jẹ igbó náà run. Òun àti Adébísí Àkànjí tí í ṣe bíríkìlà, Bùráímọ̀ Gbàdàmọ́sí, Kàsálí Akangbe àti àwọn mìíràn fi sìmẹ́ǹtì, amọ̀ àti igi gbé ère ńláńlá dìde. Ní ọdún 1965, ìjọba sọ apá kan igbó náà di ohun ìṣẹ̀ǹbáyé orílẹ̀-èdè. Ní 1992, gbogbo hẹ́kítà 75 rẹ̀ wọ inú ààbò náà. Ní 2005, UNESCO fi í kún àwọn ohun àjogúnbá àgbáyé.

Àwọn kan ṣe àríwísí pé ère wọ̀nyí kò jọ iṣẹ́ àwọn baba wa. Òtítọ́ ni pé wọn kò jọ ọ́. Ṣùgbọ́n bí a kò bá gbé wọn dìde, ṣé igi kan ìbá ṣẹ́ kù níbẹ̀ tí a óò máa jiyàn lé lórí?

Ọjọ́ 12 oṣù Kìíní ọdún 2009 ni Àdùnní kú ní Òṣogbo, ẹni ọdún 93. Ẹ wo orúkọ náà dáadáa. Oríkì ni Àdùnní, irú èyí tí ìyá fi ń ké ọmọ rẹ̀, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni ẹni tí ó dùn-ún ní. Ọkọ lè fi obìnrin ṣe aya, ìjọba lè fún un ní ìwé ọmọ ìlú, ṣùgbọ́n ẹni tí ìlú bá ti gbà bí ọmọ ni wọ́n ń fi oríkì pè. Ẹ̀yin olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́, ìbéèrè tí ó kù fún ìjíròrò nìyí: àwa tí a bí sínú ilé ẹ̀kọ́ tí obìnrin yìí ti òkèèrè wá wọ̀, kí ni a ti kọ́ níbẹ̀?