Jíìpù Ìlú Ọba tó di Tòkunbọ̀

1/ Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ fìdí kalẹ̀, ọ̀rọ̀ pọ̀ lónìí. Bí wọ́n bá gbé jíìpù tuntun jáde, tí wọ́n ní ọmọ Ìlú Ọba pọ́ńbélé ni, kí la máa wò ká tó gbà? Ẹni tó ni ín ni? Ibi tí wọ́n ti tò ó ni? Àbí bó ṣe rí lójú?

2/ Jíìpù méjì ló dá àríyànjiyàn yìí sílẹ̀: Defender tuntun tí Land Rover ṣe, àti Grenadier tí Ineos ṣe. Àwọn méjèèjì fẹ́ jẹ́ àrólé Land Rover àtijọ́. Àwọn méjèèjì sì ń ti òkè òkun wọ Ìlú Ọba. Nílẹ̀ bàbá wọn, Tòkunbọ̀ ni wọ́n! Ẹ máa bá mi bọ̀.

3/ Ká mú un látìbẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, Maurice Wilks, ọ̀gá àwọn ẹnjiníà ní ilé iṣẹ́ Rover, ní oko kan ní erékùṣù Anglesey ní Wales. Jíìpù Willys, ọkọ̀ ológun Amẹ́ríkà tí ogun ṣẹ́ kù, ló ń lò níbẹ̀. Ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa, àmọ́ bó bá kú, níbo ló ti máa rí irú ẹ̀ rà?

4/ Òun àti Spencer ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tóun náà jẹ́ ọ̀gá ní Rover, wá pinnu pé káwọn ṣe tiwọn. Ní 1947, wọ́n ṣe èyí tí wọ́n kọ́kọ́ fi dán an wò. Ẹ mọ ohun tí wọ́n gbé e kà? Ṣáásí jíìpù Amẹ́ríkà! Ẹni tó bá ń wá ẹ̀jẹ̀ tí kò lábùlà, ibí yìí ni kó ti padà sílé.

5/ Àmọ́ ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ tẹ̀lé e. Irin ṣọ̀wọ́n nígbà yẹn. Ìjọba ló ń pín in, ilé iṣẹ́ tó bá ń tajà sókè òkun ni wọ́n sì ń fún jù. Alumíníọ̀mù ló rọrùn láti rí, torí náà òun ni Rover fi ṣe bọ́dì. Ọ̀dà aláwọ̀ ewé tí wọ́n fi kun àwọn àkọ́kọ́, àṣẹ́kù ọ̀dà ọkọ̀ òfuurufú ológun ni.

6/ Ìdí tí bọ́dì ẹ̀ fi tẹ́ pẹrẹsẹ bí àpótí náà nìyẹn: páànù tó tẹ́ ò nílò ẹ̀rọ olówó ńlá tí yóò máa tẹ̀ ẹ́ sọ́tùn-ún sósì. Ìrísí táwọn èèyàn ń fẹ́ràn lónìí, àìní ló yà á, kì í ṣe oge.

7/ Ọjọ́ 30 oṣù kẹrin 1948 ni wọ́n fi han ayé. Níbo? Amsterdam ni o, kì í ṣe London! Torí òkè òkun ni wọ́n fẹ́ tà á sí. £450 ni iye owó ẹ̀. Ṣùgbọ́n Solihull, lẹ́bàá Birmingham, ni wọ́n ti ń ṣe é, nínú ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ òfuurufú nígbà ogun.

8/ Láti 1948 títí di ọjọ́ 29 oṣù kìíní 2016, Solihull ò dáwọ́ dúró. Nígbà tí wọ́n máa fi ṣe èyí tó kẹ́yìn, ó ti lé ní mílíọ̀nù 2. Orúkọ yẹn gan-an, Defender, ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1990 sí òkè ló tó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́ ẹ. Ó dáa. Ẹ jẹ́ ká wá gbé àwọn jíìpù tuntun yìí sórí ìwọ̀n, lọ́kọ̀ọ̀kan.

9/ Ìwọ̀n kìíní: ta ló ni ín? Leyland ra Rover ní 1967. British Aerospace gbà á ní 1988. BMW ti Jámánì rà á ní 1994. Ford ti Amẹ́ríkà ra Land Rover ní 2000. Tata ti Íńdíà rà á ní 2008. Ẹ ṣírò ẹ̀: láti 1994 sí 2016, ọdún 22 gbáko, àjèjì ló ni ín. Ta ló sọ pé Defender àtijọ́ kì í ṣe ọmọ Ìlú Ọba mọ́? Kò sí!

10/ Ẹ yí i padà. Ẹni tó ni Grenadier ni Jim Ratcliffe, ọmọ Failsworth lẹ́bàá Manchester. (Ẹ̀yin ọmọ Man U, òun náà ni, ẹni tó ra apá kan kílọ́ọ̀bù yín ní 2024.) Ó wà lára àwọn tó ti Brexit lẹ́yìn. Ní 2020 ló kó lọ sí Monaco níbi tí wọn kì í ti gba owó orí lórí owó tó ń wọlé féèyàn. Ẹni tó ni ín ò yanjú ọ̀rọ̀ yìí.

11/ Ìwọ̀n kejì: ẹ̀yà ara ẹ̀ ńkọ́? Ẹ́ńjìnnì Grenadier, BMW. Gíà ẹ̀, ZF ti Jámánì. Irin tó gbé táyà ẹ̀ dúró, Carraro ti Ítálì. Magna Steyr ní Austria ló bá wọn ṣe iṣẹ́ ẹnjiníà ẹ̀. Ọbẹ̀ tí gbogbo àdúgbò dáwó sí ni. Àmọ́ Defender àtijọ́ náà, ẹ́ńjìnnì Ford ló wà nínú ẹ̀ lọ́dún tó lò kẹ́yìn láyé.

12/ Ẹ ẹ̀ tíì gbọ́ èyí tó dùn jù. Nígbà tí Philip, ọkọ Ọbabìnrin Elizabeth, kú ní 2021, Land Rover ló gbé òkú ẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ní Windsor. Fúnra ẹ̀ ló ti ń tún ọkọ̀ náà ṣe lọ́dún mẹ́rìndínlógún, àní àwọ̀ ewé ológun tí wọ́n kùn ún, òun ló yàn án. Gbogbo ayé ní kò sóhun tó ṣe é ní ti Ìlú Ọba jùyẹn lọ. Gíríìsì ni wọ́n sì bí Philip sí!

13/ Ìwọ̀n kẹta: ìrísí. Ní ti ìrísí, Grenadier jọ Defender àtijọ́ ju Defender tuntun lọ. Land Rover ti ní kí ìjọba forúkọ ìrísí ti àtijọ́ yẹn sílẹ̀ bí àmì ọjà àwọn. Ineos tako. Ọ́fíìsì ìjọba kọ̀ ní 2019, Ilé-ẹjọ́ Gíga sì ti ìpinnu náà lẹ́yìn ní 2020: lójú ẹni tó kàn ń ra ọkọ̀, ìrísí yẹn ò dá yàtọ̀ tó bẹ́ẹ̀.

14/ Èmi ò tiẹ̀ nílò adájọ́ lórí ìyẹn. Ẹni tó bá dá agbádá sọ́rùn ò ṣàdédé di Yorùbá.

15/ Orúkọ ńkọ́? Ilé ọtí kan wà ní Belgravia ní London tó ń jẹ́ The Grenadier. Ibẹ̀ ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ jíìpù náà, ibẹ̀ ni wọ́n ti mú orúkọ ẹ̀. Àwọn àgbà ní ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ilé ọtí làwọn tiwọn wò!

16/ Ìwọ̀n kẹrin ló dùn mí jù: ibi tí wọ́n ti ṣe é. Ní oṣù kẹsàn-án 2019, Ineos kéde pé Bridgend ní Wales làwọn ti máa ṣe Grenadier. Lọ́dún yẹn kan náà, Ford ti sọ pé ilé iṣẹ́ ẹ́ńjìnnì tóun ní níbẹ̀ máa kógbá wọlé. Nǹkan bí èèyàn 1,700 ló máa pàdánù iṣẹ́. Ineos ní tó bá yá, iṣẹ́ àwọn lè tó 500.

17/ Ẹ fi ara yín sípò òṣìṣẹ́ tó gbọ́ ìròyìn méjèèjì. Kì í ṣe pé 500 tó 1,700, àmọ́ ẹni tí omi ń gbé lọ, koríko ni yóò dì mú. Ní oṣù keje 2020, Ineos ní káwọn ṣì dá Bridgend dúró ná. Ní oṣù kẹsàn-án, Ford ti ilẹ̀kùn. Ní oṣù Kejìlá, Ineos ra ilé iṣẹ́ Hambach ní Faransé lọ́wọ́ Mercedes-Benz.

18/ Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́: ní ti ìṣirò owó, mi ò lè bá wọn jà. Ilé tí wọ́n ti kọ́ parí, òṣìṣẹ́ tó ti ń to ọkọ̀ Smart níbẹ̀ tipẹ́, ẹnubodè Jámánì níbi tí ọ̀pọ̀ ẹ̀yà ọkọ̀ náà ti ń wá. Oníṣòwò ni wọ́n. Ní oṣù kẹwàá 2022, Grenadier bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Wọ́n sọ ọ́ lórúkọ ní London, wọ́n bí i ní Faransé.

19/ Kẹ́nikẹ́ni má ṣe rò pé Land Rover mọ́ nínú ẹ̀. Defender tuntun tí wọ́n fi hàn ní 2019, Nitra ní Slovakia ni wọ́n ti ń tò ó. Ṣé ìyẹn wá já àwọn méjèèjì kulẹ̀?

20/ Ibi tí mo fẹ́ gbé e gbà rèé. Ẹ má wo ibi tí wọ́n ti ń jó nígbà tí ọkọ̀ bá ń tà. Ọjọ́ ijó, gbogbo èèyàn ni mọ̀lẹ́bí. Ẹ wo ibi tí ẹkún ti ń jáde lọ́jọ́ tí iṣẹ́ bá dúró.

21/ Ní 2024, Recaro, ilé iṣẹ́ Jámánì tó ń ṣe àga Grenadier, wọ gbèsè. Àga ò sí, iṣẹ́ dúró ní Hambach fún oṣù bíi mélòó kan. Ìyà ẹ̀ jẹ òṣìṣẹ́ Faransé. Ní Bridgend, kò sẹ́ni tó gbé owó oúnjẹ ẹ̀ lé Grenadier lórí.

22/ Ní oṣù kẹsàn-án 2025, àwọn ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì wọ inú kọ̀ǹpútà Jaguar Land Rover. Gbogbo ilé iṣẹ́ wọn dúró fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, Nitra náà dúró. Àmọ́ agbègbè Birmingham ni ariwo ti pọ̀ jù: àwọn ilé iṣẹ́ kéékèèké tó ń ṣe ẹ̀yà ọkọ̀ fún wọn ò rówó san fáwọn òṣìṣẹ́. Ìjọba Ìlú Ọba ló jáde, wọ́n ṣe onídùúró ẹ̀yáwó £1.5 bílíọ̀nù.

23/ Ẹ ronú sí i. Ará Íńdíà ló ni ín, Slovakia ni wọ́n ti ń to Defender, síbẹ̀ ìjọba Ìlú Ọba ló ṣe onídùúró. Kí nìdí? Torí Gaydon ní Warwickshire ni wọ́n ti ń ro ọkọ̀ náà, Wolverhampton ni púpọ̀ nínú ẹ́ńjìnnì ẹ̀ ti ń wá, Solihull ṣì ń to Range Rover títí di báyìí. Okùn ìwọ́ ẹ̀ ò tíì já.

24/ Nítorí náà, ìdájọ́ tèmi: Defender tuntun, bí ò tiẹ̀ jọ bàbá ẹ̀, ọmọ Ìlú Ọba ni, Tòkunbọ̀ tó ṣì mọ̀nà ilé. Grenadier jọ bàbá bí ẹni yọ́ ọ dà, àmọ́ ọmọ Hambach ni. Kì í ṣe èébú o. Àwọn ará Hambach ló làágùn lé e lórí, ẹ jẹ́ kí wọ́n ni ọmọ wọn.

25/ Ẹnì kan máa ní ṣé ọkọ̀ ò lè nílùú méjì ni? Ó lè ní in. Belgium tò Land Rover fáwọn ológun wọn láti 1952. Linares ní Sípéènì bẹ̀rẹ̀ ní 1958. Nígbà tó yá, nígbà tí Leyland ń to ọkọ̀ ní Ìbàdàn, Land Rover wà lára ohun tí wọ́n ń tò. Àwọn kan jẹun yó nídìí ẹ̀, wọ́n fi rán ọmọ nílé ìwé.

26/ Nígbà tí iṣẹ́ yẹn dúró ní Ìbàdàn, ṣé ẹ rántí ìjọba kankan tó ṣe onídùúró? Ẹkún wà níbẹ̀ náà o, kò sẹ́ni tó kà á sí ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti Bridgend. Bí ẹ bá tún rí àsíá tí wọ́n yà sára jíìpù, ẹ kọ́kọ́ bèèrè pé: ìlú wo ni ebi máa pa bí ọkọ̀ yìí bá dúró?

Ó tán. Ẹni tó bá mọ bàbá tàbí ìyá tó bá Leyland ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn, ẹ bi wọ́n léèrè bó ṣe rí, kẹ́ ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí. Mo fẹ́ gbọ́.