Kí Wọ́n Tó Dé E Ní Fìlà: Ìtàn Àwọn Ìwé Ẹlẹ́sẹ̀-Mẹ́ta ti John Christopher

Ní abúlé Wherton nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọmọ tó bá pé ọdún mẹ́rìnlá ti di ẹni tí wọ́n ń pọ́n lé. Wọ́n á se àsè, gbogbo ìlú á tú jáde, ẹ̀rọ gàgàrà kan tó ń fi ẹsẹ̀ mẹ́ta rìn á sì yọ lókèèrè. Yóò na ọwọ́ irin rẹ̀ sílẹ̀, yóò gbé ọmọ náà sínú ikùn, yóò sì dá a padà pẹ̀lú àwọ̀n irin tí wọ́n ti rì mọ́ awọ orí rẹ̀. Fìlà ni wọ́n ń pe àwọ̀n yìí. Láti ọjọ́ náà lọ, ọmọ ti dàgbà: yóò ṣiṣẹ́, yóò gbé ìyàwó, kò sì ní béèrè mọ́ láé pé ta ló kọ́ àwọn ìlú ńláńlá tó ti di àlàpà. Kò sí ẹni tó ń sunkún níbẹ̀. Bàbá ọmọ àti ìyá rẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ yọ̀.

Bí ayé ṣe rí nìyẹn nínú The White Mountains, ìwé tí John Christopher gbé jáde lọ́dún 1967. Ọdún kan náà ni èkejì rẹ̀, The City of Gold and Lead, jáde. Ẹ̀kẹta, The Pool of Fire, tẹ̀ lé wọn lọ́dún 1968. Kì í ṣe òun ló kọ́kọ́ ronú ẹ̀rọ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta. H. G. Wells ti fi irú rẹ̀ ja ìlú London láti ọdún 1898. Ṣùgbọ́n nínú ìwé Wells, kòkòrò àrùn tí ojú kò rí ló pa àwọn àjèjì, ogun sì parí. Nínú ti Christopher, ogun ti parí tipẹ́ kí ìtàn tó bẹ̀rẹ̀, àwọn àjèjì ló ṣẹ́gun, àwọn ènìyàn sì ti fẹ́ràn wọn. Ẹni tí wọ́n bá ti dé ní Fìlà kò lè rò ó lọ́kàn láti jà. Ọmọdé nìkan ló kù.

Lójú tèmi, ibẹ̀ ni ọgbọ́n ìwé yìí wà. Òǹkọ̀wé tó bá fẹ́ kọ ìtàn ìrìnàjò fún ọmọdé gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wá ibi tí yóò kó àwọn òbí sí. Àwọn kan á pa wọ́n, àwọn mìíràn á rán ọmọ lọ sí ilé ìwé tó jìnnà. Christopher fi bàbá sílẹ̀ nínú ilé, ó ń lọ ọkà, ó ń tún aago rẹ̀ ṣe, ó sì fẹ́ràn ọmọ rẹ̀ dénú. Iyè rẹ̀ nìkan ni wọ́n ti mú lọ.

Sam Youd ni orúkọ tí òǹkọ̀wé yìí ń jẹ́ gan-an. Ìlú Huyton ní Lancashire ni wọ́n ti bí i ní ọjọ́ 16 oṣù kẹrin ọdún 1922. Ó ṣiṣẹ́ ológun nígbà Ogun Àgbáyé Kejì nínú ẹ̀ka tó ń bójú tó ìbánisọ̀rọ̀, ó padà sílé, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ọ́fíìsì ní ilé iṣẹ́ kan tó ń rí sí òkúta dáyámọ́ǹdì tí wọ́n fi ń ṣe iṣẹ́ ẹ̀rọ, ó sì ń kọ̀wé lálẹ́. Orúkọ ìnagijẹ rẹ̀ pọ̀ bí nǹkan míì: Hilary Ford, William Godfrey, Peter Graaf, Stanley Winchester, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Eré kíríkẹ́ẹ̀tì pàápàá ó kọ ìwé nípa rẹ̀. Ìwé tó sọ ọ́ di olókìkí ni The Death of Grass, ọdún 1956, níbi tí kòkòrò àrùn kan ti kọ́kọ́ pa ìrẹsì run ní Éṣíà kó tó kan àlìkámà àti gbogbo ohun tó bá jẹ́ ìran koríko. Kí ebi tó wọlé tán, àwọn ọmọlúwàbí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ń yìnbọn pa ara wọn nítorí búrẹ́dì. Ìwé àgbàlagbà ni. Kò sí ohun kan nínú rẹ̀ tó fi hàn pé ẹni tó kọ ọ́ lè bá ọmọ ọdún méjìlá sọ̀rọ̀.

Ilé ìtẹ̀wé ló bẹ̀ ẹ́ pé kó kọ ìtàn àròsọ onísáyẹ́ǹsì fún àwọn ọ̀dọ́. Àsìkò náà ni Amẹ́ríkà àti Rọ́ṣíà ń sáré lọ sí òṣùpá, ọ̀rọ̀ rọ́kẹ́ẹ̀tì sì ti sú Youd. Ìgbà àtijọ́ ló wù ú ju ọjọ́ iwájú lọ. Ó wá da méjèèjì pọ̀: ọjọ́ iwájú tí ẹṣin ń fa kẹ̀kẹ́, tí àwọn ìjòyè ń gbé inú ilé olódi, tí wọ́n ń fi idà díje, tí aago ọrùn ọwọ́ kan ṣoṣo sì jẹ́ ohun àràmàǹdà torí pé kò sí ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é mọ́. Àwọn Ẹlẹ́sẹ̀-mẹ́ta ló fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀. Ẹni tí kò ní ẹ̀rọ kò lè hùmọ̀ ohun ìjà.

Ó rò pé ìwé ọmọdé yóò rọrùn. Nígbà tó kọ ti àkọ́kọ́ tán, olóòtú ilé ìtẹ̀wé Macmillan ní Amẹ́ríkà dá a padà: orí kìíní dára, ìyókù kò tó. Ó jókòó, ó tún un kọ. Ẹ̀kọ́ tó kọ́ nínú àtúnkọ yẹn hàn nínú gbogbo ìwé rẹ̀ tó tẹ̀ lé e: gbólóhùn kúkúrú, kò sí ìwàásù, nǹkan kan sì ń ṣẹlẹ̀ ní gbogbo ojú ìwé.

Will Parker ló ń sọ ìtàn náà, ọmọ ọdún mẹ́tàlá tí kì í ṣe ọmọ dáadáa ní gbogbo ìgbà. Ó ń jowú, ó ń gbéraga, ara rẹ̀ kì í balẹ̀. Alárìnkiri kan tó ń pe ara rẹ̀ ní Ozymandias ló sọ fún un pé àwọn ènìyàn òmìnira kan wà lórí òkè tí yìnyín bò ní gúúsù. Àwọn alárìnkiri wọ̀nyí ni àwọn tí Fìlà bà lórí jẹ́. Wèrè ni gbogbo ènìyàn kà wọ́n sí, kò sì sí ẹni tó ń fetí sí ọ̀rọ̀ wọn, ìdí nìyẹn tí amí àwọn òmìnira fi lè fara pa mọ́ sáàárín wọn. Will àti Henry, ìbátan rẹ̀ tí òun pẹ̀lú rẹ̀ kì í rẹ́, sọdá òkun sí Faransé, wọ́n bá Jean-Paul pàdé, ọmọ gíga tó fi gíláàsì tó ṣe fúnra rẹ̀ sójú, wọ́n sì pè é ní Beanpole. Wọ́n gba inú Paris tó ti di igbó kọjá. Wọ́n rí bọ́ǹbù àfọwọ́jù, wọn kò mọ ohun tó jẹ́, wọ́n kó o sápò.

Ìwé kejì ló lágbára jù. Àwọn tó borí nínú ìdíje eré ìdárayá ní Jámánì ni wọ́n ń mú lọ sìn nínú Ìlú àwọn Ọ̀gá, bí wọ́n ṣe ń pe àwọn àjèjì náà. Will àti Fritz, ọ̀dọ́ mìíràn láàárín àwọn òmìnira, fi Fìlà ayédèrú sórí lọ díje kí wọ́n lè wọbẹ̀ bí amí. Odi wúrà ló yí ìlú náà ká, òrùlé tó ń dán bò ó pátá. Nínú rẹ̀, afẹ́fẹ́ aláwọ̀ ewé wà tó ń pa ènìyàn, ooru ń jó, ilẹ̀ sì ń fa ara wálẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí gbígbé ẹsẹ̀ fi di iṣẹ́. Àwọn Ọ̀gá fúnra wọn ní ẹsẹ̀ mẹ́ta, ojú mẹ́ta àti ọwọ́ mẹ́ta tó dà bí ejò. Ẹrú kì í pẹ́ kú níbẹ̀. Èyí tí agbára rẹ̀ bá ti tán yóò fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ sí ibi tí wọ́n ti ń fi ikú dá ẹrú sílẹ̀, pẹ̀lú ìdùnnú, torí ó gbà pé òun ti sìn dáadáa.

Ọ̀gá Fritz ń lù ú. Ti Will ń kẹ́ ẹ. Ó ń fún un ní ẹ̀bùn, ó ń fọwọ́ pa á lára, ó ń bá a sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá ajá tó fẹ́ràn sọ̀rọ̀, Will sì rí i pé ìkẹ́ yìí ti fẹ́ máa dùn mọ́ òun. Ọ̀gá rere yìí ló sọ fún un láìfi pa mọ́ pé ọkọ̀ kan ń bọ̀ láti ilé wọn lọ́run, ẹ̀rọ inú rẹ̀ yóò sì sọ afẹ́fẹ́ gbogbo ayé di aláwọ̀ ewé. Ó káàánú díẹ̀ nípa rẹ̀. Wọn yóò tọ́jú ènìyàn díẹ̀ pa mọ́ fún ìran wíwò. Wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ná: àwọn ọmọbìnrin arẹwà wà nínú àpótí gíláàsì bí labalábá, Eloise, ọmọ ìjòyè tí Will fẹ́ràn ní Faransé, sì wà láàárín wọn.

Àbùkù ìwé náà kò jìnnà síbẹ̀. Nínú ìwé mẹ́ta, kò sí obìnrin kan tó pinnu ohunkóhun tó yí ìtàn padà. Wọ́n rẹwà, wọ́n ń tọ́jú aláìsàn, wọ́n kú. Òǹkàwé ti ń ráhùn nípa rẹ̀ tipẹ́, wọn kò sì jẹ̀bi.

Nínú ìwé kẹta, ọtí líle ló gba ayé là. Àwọn òmìnira mú Ọ̀gá kan láàyè, ó ṣèèṣì jẹ oúnjẹ tí ọtí ti wọnú rẹ̀, ó sì ṣubú lulẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ìlú mẹ́ta ni àwọn àjèjì ní, ní Jámánì, ní Ṣáínà àti nítòsí Panama. Wọ́n da ọtí sínú omi wọn, méjì ṣubú. Ẹ̀kẹta ni wọ́n fi fèrè ràgàjì tó ń gbé ènìyàn fò lọ bá, Henry sì fi ẹ̀mí ara rẹ̀ di bọ́ǹbù mú sórí òrùlé rẹ̀. Òǹkọ̀wé mìíràn ì bá parí rẹ̀ síbẹ̀. Youd pe àwọn orílẹ̀-èdè sí ìpàdé. Kò pẹ́ tí orí àwọn ènìyàn tún di tiwọn, wọ́n ti ń bú ara wọn, wọ́n lé Julius tó darí àwọn òmìnira láti ìbẹ̀rẹ̀ kúrò nípò, ìpàdé sì fọ́. Mi ò mọ ìwé ọmọdé púpọ̀ láyé ìgbà náà tó láyà tó bẹ́ẹ̀: àlàáfíà tó wà lábẹ́ Fìlà, àlàáfíà ni lóòótọ́, òmìnira ló mú ìjà padà dé.

BBC bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìtàn náà ṣe eré orí tẹlifíṣàn lóṣù kẹsàn-án ọdún 1984, Richard Bates ló ṣe é. Apá 13 ló kọ́kọ́ jáde, apá 12 tẹ̀ lé e lọ́dún 1985. Ìlú wúrà náà gbówó lórí, àwọn kan sì ní eré náà ń fà. Wọ́n fagi lé ìdá kẹta. Ọmọ tó ń wò ó ní ọjọ́ Sátidé, tí kò sì ka ìwé, rí ìṣẹ́gun àwọn Ọ̀gá nìkan. Ní Jámánì níbi tí wọ́n ti gbé e sáfẹ́fẹ́ lẹ́yìn náà, àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ pọ̀ gidigidi. Ní Amẹ́ríkà, inú ìwé ìròyìn Boys' Life ti ẹgbẹ́ Boy Scouts ni ọ̀pọ̀ ti mọ̀ ọ́n, gẹ́gẹ́ bí ìtàn aláwòrán tí Frank Bolle yà láti ọdún 1981 títí di 1986.

Àríwísí kan wà tó dun Youd: báwo ni irin tó ń ta gọ́ọ́gọ́ọ́ lórí ẹsẹ̀ mẹ́ta ṣe lè borí ọkọ̀ òfuurufú ajagun? Ó fèsì lọ́dún 1988 pẹ̀lú When the Tripods Came, tó sọ bí gbogbo rẹ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀. Nínú rẹ̀, Ẹlẹ́sẹ̀-mẹ́ta sọ̀ kalẹ̀, àwọn ológun fọ́ ọ wẹ́wẹ́, ayé rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni ètò tẹlifíṣàn kan bẹ̀rẹ̀, Trippy Show, tó ń fi àwọn Ẹlẹ́sẹ̀-mẹ́ta dápàárá. Àwọn kan kò lè gbójú kúrò lára rẹ̀ mọ́. Wọ́n di ọmọlẹ́yìn, wọ́n ń kọrin fún un lójú pópó, wọ́n sì ń fúnra wọn dé Fìlà tí kò tíì nílò irin nínú ẹran ara.

Àwọn ìwé tí àwọn òǹkọ̀wé mìíràn kọ lẹ́yìn rẹ̀ gba ẹnu ọ̀nà kan náà wọlé. Nínú The Giver ti Lois Lowry, 1993, ọdún méjìlá ni wọ́n ń yan iṣẹ́ fún ọmọ. Nínú The Hunger Games ti Suzanne Collins, 2008, láti ọdún méjìlá sí méjìdínlógún ni orúkọ ọmọ fi ń wà nínú ìbò ikú. Uglies ti Scott Westerfeld, 2005, ló sún mọ́ Christopher jù: ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ń dúpẹ́ fún iṣẹ́ abẹ tó sọ ọ́ di arẹwà, tó sì ba ọpọlọ rẹ̀ jẹ́. Collins yan ìyà tó hàn sí gbangba. Ọmọ tó ń lọ sí pápá ikú mọ̀ pé òun ń jìyà.

Youd alára kò fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. The Guardians, ọdún 1970, kò ní àjèjì kankan: àwọn ọlọ́rọ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló ń ṣe iṣẹ́ abẹ ọpọlọ fún ọmọ wọn tó bá ṣọ̀tẹ̀. Ó gba ẹ̀bùn ìwé ọmọdé ti ìwé ìròyìn Guardian lọ́dún 1971. Ó kú ní ìlú Bath ní oṣù kejì ọdún 2012, ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́rùn-ún, àwọn ẹbí rẹ̀ sì dá ilé ìtẹ̀wé kékeré kan sílẹ̀, The Syle Press, tó ń tún àwọn ìwé rẹ̀ tẹ̀ jáde.